Ikọ́ Méjì Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Ọ̀gá

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò sí iwin kan láyé yìí tí kì í wá gba àyè lọ́wọ́ mi kó tó jáde. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo gbá òkú kan létí, òkú náà dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ mí pé òun ò ní kú mọ́ láé. Ó sì pa ìlérí náà mọ́ títí dòní. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi òkú náà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá Ọ̀gá lé lọ́wọ́ lẹ́yìn tí Ọ̀gá kú. Àwọn lọ́yà yòókù kì í fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà. Èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì nílé iṣẹ́ wa, Bàbá Fáìlì ni wọ́n sì ń pè mí. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí èmi àti tíṣà tó jọ gbà pé ó tó gẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ogún ọdún ni mo ti fi ń gbé fáìlì, òfin sì máa ń ran èèyàn bí ifọ́n. Tí mo bá sín báyìí, gbólóhùn òfin ló ń jáde nímú mi.

Àjà kẹta la wà. Yàrá ńlá kan ni, tábìlì mẹ́sàn-án, lọ́yà mẹ́sàn-án, àti fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Ní ìparí yàrá náà ni ilẹ̀kùn Ọ̀gá wà, pẹ̀lú gíláàsì kan lókè rẹ̀ tó ṣú débi pé èèyàn ò lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi bí iná bá tàn. Yàrá fáìlì tèmi wà lẹ́yìn, ilẹ̀kùn kékeré kan sì ti ibẹ̀ wọ ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Èmi nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Nígbà ayé Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé ṣáájú rẹ̀. Kò pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tó bá parí iṣẹ́, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, iná inú gíláàsì náà á kú, ìgbà yẹn làwọn tó kù á tó mú báàgì wọn. Àwọn èèyàn tó lè fi ọdún márùn-ún jiyàn lórí àmì kékeré kan nínú ìwé òfin, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè rí pé ìwé wo ni wọ́n kọ èyí sí. Ọ̀kan dúró de ikọ́ náà títí ìyàwó rẹ̀ fi bímọ, tí ọmọ náà hu eyín, tó sì fi eyín ọ̀hún gé bàbá rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ tó wọlé, torí kò mọ̀ ọ́n. Òmíràn sùn lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo lẹ́tà sì tẹ̀ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, a ń ka ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ìwé ìròyìn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Ọ̀gá kú. Èmi ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà eyín ń ro mí, mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún Igbákejì Ọ̀gá, mo sì tètè lọ sílé. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn ò tì. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà lórí àga wọn, ẹ̀yìn wọn nà ṣánṣán, ojú wọn pọ́n bí ẹyin iná. Wọ́n kí mi káàárọ̀. Mo rò pé wọ́n tètè dé ni, mo sì ń múra láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Igbákejì ló wá rọra sọ fún mi pé Ọ̀gá ò tíì lọ, iná rẹ̀ ṣì ń tàn.

Mo wọlé láti ẹ̀yìn. Orí Ọ̀gá wà lórí fáìlì, bírò pupa ṣì wà láàárín ìka rẹ̀. Ó ti tutù. Dókítà tó wá wò ó sọ pé ó ti kú láti nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán àná. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi kún un, nítorí pé èmi gan-an ò fi kún un. Òru mọ́jú ni àwọn mẹ́sàn-án yẹn fi jókòó ti òkú, tí wọ́n ń retí kó yọ̀ǹda wọn.

Fáìlì tí orí rẹ̀ wà lé, fáìlì ẹjọ́ ògiri ni. Aládùúgbò méjì ló ń jà lórí ta ló ni ògiri tó wà láàárín ilé wọn. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ògiri náà fúnra rẹ̀ ti wó, ẹjọ́ ò wó. Ìwé tí Ọ̀gá ń yẹ̀ wò lórí rẹ̀, Àbúrò ló kọ ọ́. Àbúrò ni gbogbo wa ń pe ọmọbìnrin tó kéré jù nínú àwọn lọ́yà wa, kò tíì pé ọdún méjì tó jáde ilé ẹ̀kọ́ òfin. Tí Àbúrò bá rẹ́rìn-ín láyé ìgbà yẹn, gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n títí dé ilé kẹrin. Lẹ́bàá ìwé rẹ̀ náà ni Ọ̀gá ti kọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, ohun tó máa ń kọ sí iṣẹ́ gbogbo wọn ni "Tún un kọ." Èyí, "Tún un" nìkan ló dé, lẹ́yìn náà ni ìlà pupa kan wọ́ lọ, ó wọ́ lọ, títí ó fi já sí etí ìwé.

Wọ́n sin Ọ̀gá. Igbákejì di olórí wa. Lọ́yà tó sanra ni, ó ti sọ "Olúwa mi" fún adájọ́ débi pé ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Ó ní ká ti yàrá náà pa títí àwọn ẹbí á fi wá kó ẹrù wọn, kí n kàn máa nu eruku ibẹ̀ láràárọ̀. Aṣọ dúdú tí Ọ̀gá ń wọ̀ lọ sí kóòtù ṣì wà lára ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn kékeré, èjìká rẹ̀ kún bíi pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀. Èmi ò bẹ̀rù o. Mo kàn máa ń kí i kí n tó wọlé ni.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, aago márùn-ún lù, kò sẹ́ni tó dìde. Aago mẹ́fà lù. Mo yọjú láti yàrá fáìlì. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń wo gíláàsì dúdú yẹn. Igbákejì tó ti di olórí wa, báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, òun náà ń wò ó. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí iná bá kú, wọn ò mọ èyí tí wọ́n máa ṣe sí iná tí kò tàn rárá. Ebi sì ń pa mí. Mo gba ilẹ̀kùn kékeré wọlé, mo tan iná orí tábìlì, mo sinmi díẹ̀, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí Ọ̀gá ṣe máa ń wú u, mo sì pa iná.

Mo gbọ́ tí àwọn àga sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn. Wọn ò tiẹ̀ wojú ara wọn.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí mo fi ṣubú sórí fáìlì. Láti ìgbà yẹn, mo sọ ọ́ di iṣẹ́. Láàárọ̀, tí mo bá ń nu eruku, màá tan iná. Nírọ̀lẹ́, màá wúkọ́, màá pa á. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, aago mẹ́ta ni Ọ̀gá ń wúkọ́. Lọ́jọ́ kan tí Igbákejì pè mí ní ọ̀lẹ, Ọ̀gá ò wúkọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, Igbákejì sì jókòó bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ní kó ká apá. Ọba mélòó ló láṣẹ tó báyẹn?

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, mo bá ìwé nílẹ̀ nínú yàrá Ọ̀gá. Wọ́n ti í gba abẹ́ ilẹ̀kùn ni. Iṣẹ́ Àbúrò ni, ẹjọ́ ògiri, ó ti tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tí mo lóye nínú rẹ̀ ò tó kún orí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bírò pupa wà nínú ife lórí tábìlì, ọwọ́ mi sì máa ń yún mi. Ẹ̀bùn ni mo ní láti kọ̀wé bí ẹlòmíràn, tí mo bá kọ ọ́ báyìí, ẹni tó ni ọwọ́ náà á máa bá ọwọ́ ara rẹ̀ jà. Mo kọ "Tún un kọ" sí i, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀ kó tó dé, mo sápamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mo fi etí fáìlì di ẹnu kí ẹ̀rín má bàa tú mi.

Àbúrò dé. Ó rí i. Ẹnu ò yà á. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn Ọ̀gá, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo yọ fáìlì náà kúrò lẹ́nu, kò sí ẹ̀rín tí mo ń dì mọ́. Ó sì yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwàdà bá ti wọ̀ lára, ó dàbí ẹni tó ń sáré lọ sísàlẹ̀ òkè, ẹsẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ìwé tún dé lábẹ́ ilẹ̀kùn, mo tún kọ ọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é.

Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rí bákan. Àbúrò ò lọ sílé mọ́ bí ikọ́ bá dún. Àwọn yòókù á lọ, òun á kù, á fi etí lé ilẹ̀kùn Ọ̀gá, á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, á mi orí. Èmi tí mo wà nínú yàrá fáìlì, tí ilẹ̀kùn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín èmi àti yàrá tó ń bá sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ èsì kankan. Mo mọ̀ pé mi ò gbọ́ ọ. Síbẹ̀ mo máa ń fetí sílẹ̀.

Ọjọ́ kan sì wà tí wọ́n rán mi lọ sí kóòtù, tí akọ̀wé kóòtù fi mí sórí ìdúró títí aago mẹ́fà fi kọjá. Mo sáré padà, mò ń rò ó pé àwọn èèyàn mi á ti gbẹ sórí àga bí ẹja. Mo pàdé Igbákejì lórí àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ ti parí ni. Ó wò mí bí ẹni tó bi í bóyá omi ń tutù.

Ó ní, "Ọ̀gá ti wúkọ́ tipẹ́."

Mo gòkè. Yàrá ńlá ṣófo, àfi Àbúrò tó fi etí lé ilẹ̀kùn Ọ̀gá, àwọn àga yòókù ti sún sẹ́yìn. Lọ́hùn-ún, iná ṣì ń tàn nínú gíláàsì, torí èmi nìkan ni mo lè pa á, mi ò sì sí níbẹ̀. Àwọn mẹ́jọ gbọ́ ikọ́ tí kò sẹ́ni tó wú u. Mo nawọ́ gba ẹnu ilẹ̀kùn kékeré, mo fi ìgbálẹ̀ pa iná náà láti òkèèrè. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n Àbúrò wá bá mi. Nọ́ọ̀sì ni, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí nínú yàrá fáìlì, ó ní òun ò wá bá lọ́yà kankan, torí lọ́yà tó bá mọ̀ pé ara ẹnì kejì rẹ̀ ò yá, á kọ́kọ́ bi í pé ẹ̀rí dà. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé àbúrò òun ò jẹun mọ́, ó kàn ń gbé oúnjẹ káàkiri inú àwo ni. Kò sùn. Irun rẹ̀ ń já sínú kọ́ǹmù. Láàárọ̀ àná, òun bá a ní ilé ìdáná, omi ẹ̀rọ ń ya sílẹ̀, ó dojú kọ ògiri, ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà. Òun gbà á nímọ̀ràn pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù kan. Àbúrò ní òun ò lè lọ títí Ọ̀gá á fi gba ìwé náà lọ́wọ́ òun.

"Bàbá," ó ní, "ojú aláìsàn ni iṣẹ́ mi. Ẹjọ́ ògiri yẹn ku ọ̀sẹ̀ kan. Tí kò bá sinmi kó tó di ọjọ́ náà, gbígbé la máa gbé e. Ẹ bá mi lé e wá sílé."

Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi, pé èmi ni mo lé erin kúrò nínú oko pẹ̀lú òṣé lásán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ o, nínú eruku fáìlì, pẹ̀lú aṣọ funfun. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí, eyín ríro ò tó o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé ti wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo mú bírò pupa. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ Ọ̀gá, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́: "Ó tó. Máa lọ sílé." Mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀.

Ó dé, ó kà á. Ó tún un kà. Ó gbójú sókè wo ilẹ̀kùn Ọ̀gá fún ìgbà pípẹ́, kò sì sọ "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú báàgì. Inú mi dùn débi pé mo jó nínú yàrá fáìlì, mo sì da fáìlì ẹjọ́ ọdún mọ́kànlá pọ̀ mọ́ra wọn lórí ilẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo pinnu pé kí wọ́n tètè lọ. Òjò ti ṣú, inú ilé ti ń dúdú. Ní aago mẹ́rin, mo ṣí ilẹ̀kùn kékeré, mo kí aṣọ dúdú, mo dúró lẹ́bàá tábìlì, mo tún ọ̀fun mi ṣe. Mo wúkọ́ kìíní. Mo wúkọ́ kejì. Mo nawọ́ sí iná.

Àga Ọ̀gá tó kọ ẹ̀yìn sí mi, tó ga bí ilẹ̀kùn, yípo.

Ẹ̀mí mi jáde, ó lọ dúró lórí òrùlé, ó ń wò mí láti ibẹ̀. Àbúrò ló jókòó sínú àga náà. Ó ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí àga náà fi dàbí pé ó ń jẹ ẹ́ lọ. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ti yí kọ́kọ́rọ́ tí mo gbàgbé sára ilẹ̀kùn kékeré nígbà tí mo jáde lọ jẹun ọ̀sán ni, ó sì ti ń retí mi láti ìgbà náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ó ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní Ọ̀gá ló fara hàn mí lójú oorun, ó ní ọ̀fun ń dùn òun, kí n bá òun wú u. Ó jẹ́ kí n parọ́ náà dé ibi tí ìmí mi dé.

"Ogójì ọdún ni Ọ̀gá fi ṣe iṣẹ́ yìí," ó ní, "kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ó tó. Nígbà tí mo rí i ni mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Èèyàn tó láàánú mi ló kọ ọ́."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá ti mọ èsì tí mo máa fún un. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì to ìwé sábẹ́ iná, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, "Tún un kọ" lára gbogbo wọn. Mọ́kànlá ni. Ó bi mí pé mélòó ni mo kọ. Mo ní mẹ́rin, mo fi ọ̀run búra. Mo fi ìka yan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un.

"Ta ló kọ méje tó kù?"

Àwa méjèèjì tẹríba sórí tábìlì. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níta. Ọwọ́ tó kọ méje yẹn kì í ṣe ọwọ́ Ọ̀gá, kì í ṣe tèmi. Ó tẹ̀ díẹ̀ sí òsì, bí ọwọ́ tó kọ ìwé ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe tẹ̀ sí òsì. Àbúrò mú bírò pupa nínú ife, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i sí etí ìwé tó mọ́, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Kò sí ìyàtọ̀.

"Èmi ni," ó ní jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ mi ni." Ó wo ìka rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìka náà hàn. "Mi ò rántí ìgbà tí mo kọ wọ́n, Bàbá. Mi ò rántí ọ̀kan ṣoṣo."

Èmi tí mo lè fọnnu láti ìdájí dé ìrọ̀lẹ́ láìmu omi, mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a padà sínú ife. Mo ní kó máà bínú. Ó ní òun ò tíì dé ibi ìbínú, oorun ló kàn.

Ó fi ìwé mọ́kọ̀ọ̀kànlá sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sí ilẹ̀kùn ńlá tí ẹnikẹ́ni ò ṣí láti ọjọ́ ìsìnkú, ó yí i, ó ṣí i gbayawu. Àwọn mẹ́jọ tó kù wà lórí ìdìde, báàgì lọ́wọ́, torí wọ́n ti gbọ́ ikọ́. Wọ́n rí àga Ọ̀gá tó ṣófo. Wọ́n rí èmi náà lábẹ́ iná, ọ̀fun mi nà, ọwọ́ mi lórí ibi tí wọ́n ti ń pa á.

"Bàbá Fáìlì ló ń wú u," ó sọ fún wọn. "Kò sẹ́nì kankan nínú ibí yìí. Mò ń lọ sùn. Mi ò ní wá lọ́la, mi ò sì ní wá lọ́túnla. Ẹ wá ẹni tó máa dúró fún ògiri."

Kò dúró de èsì. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò yára, kò falẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti wá dúró dè é nísàlẹ̀, tó bi í pé ṣé òun nìyí lóòótọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà tún jókòó, ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Òmíràn ń ka iye ọjọ́ lórí ìka. Igbákejì nìkan ló ń wò mí. Mo rí i tó ń rántí ọjọ́ tó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú ìwé òfin tó wúwo jù lórí tábìlì rẹ̀, èyí tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù ilé, ó sì ń bọ̀.

"Olúwa mi," ó ní, "dúró níbẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ ká jókòó sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ó ju ìwé náà bí mo ṣe ń yí sí ilẹ̀kùn kékeré. Ó kọjá létí mi, ó lọ lu aṣọ dúdú lára ìṣó, aṣọ náà já wálẹ̀ lé mi lórí, òórùn Ọ̀gá bò mí nímú, ibi gbogbo ṣókùnkùn. Ni mo bá bẹ́sẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Mo gba yàrá fáìlì, mo ta lé ẹjọ́ ọdún mọ́kànlá, mo fo àtẹ̀gùn àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkan ọ̀kankan nínú wọn, bàtà mi kan wà lókè, ìkejì wà nínú gọ́tà, aṣọ kóòtù náà ń fẹ́ lẹ́yìn mi nínú òjò, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń sáré lọ.